Mo Háyà Aláìsàn Sórí Bẹ́ńṣì Ojú Fèrèsé

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí àdúrà ṣì kù lẹ́nu yín, n ó ṣe àmín sí i.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Mátírọ́ọ̀nù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ló tọ́ mi. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló fi rán mi níwèé. Nígbà tí mo ṣí ilé ìwòsàn kékeré ti ara mi, òun náà ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa, tó ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi le bíi páálí, tó sì ń gbé e wá fúnra rẹ̀ ní ìdájí kí èrò tó dé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí.

"Ọrẹ mi sí Olúwa nìyẹn," ni yóò wí. "Ṣé o fẹ́ gba ọrẹ lọ́wọ́ Olúwa ni?"

Ikọ́ fée, èyí tí í sé èèyàn léèémí, ń bá a jà láti kékeré. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀nà títì ló wà láàárín ilé ìwòsàn mi àti ti dókítà kan tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Dókítà Dákẹ́, nítorí pé bí o bá kí i ní gbólóhùn mẹ́ta, orí ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ọkùnrin tí kò lẹ́nu yìí, èrò ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bíi eèrà. Èmi tí mo lẹ́rìn-ín, tí mo kun ògiri, tí mo ra àga tuntun, eṣinṣin ni mo ń kí káàbọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n ń bọ̀. Oyún inú ìyàwó ti wọ̀ sílẹ̀. Wọ́n yọjú wo gbọ̀ngán wa. Mo ti ń tún fìlà orí mi ṣe kí n lọ pàdé wọn.

Ọkọ ní, "Kò sẹ́nì kankan níbí."

Ìyàwó ní, "Ìyẹn kọ́ ló dáa? Wọ́n á tètè dá wa lóhùn."

"Ìwọ náà ronú. Kànga tó bá lómi tó dùn, ṣé ẹsẹ̀ máa ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni? Bí ibí yìí bá dáa, èèyàn ì bá ti wà níbẹ̀."

Wọ́n yí padà. Wọ́n sọdá lọ sọ́dọ̀ Dókítà Dákẹ́, wọ́n sì to sẹ́yìn àwọn tó dúró sí ìta. Mo ń wo obìnrin náà bó ṣe fọwọ́ ti ìbàdí nínú oòrùn. Wọ́n yan oòrùn, wọ́n kọ àga mi.

Ibi tí mo ti ń fi etí aṣọ nu ojú ni obìnrin aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ti wọlé bá mi.

"Mátírọ́ọ̀nù! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tó wá náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èrò ló ń pe èrò ni? Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká wá máa jókòó sójú fèrèsé yẹn. Ẹni tó bá ń kọjá á máa rí orí wa. Ẹ fún wa lówó oúnjẹ ọ̀sán, ó parí."

"Ẹ̀tàn nìyẹn."

"Ẹ̀tàn kẹ̀? Ṣé ìjókòó wa ni kò ní jẹ́ òótọ́, àbí bẹ́ńṣì yín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ kíyè sí i o: ẹ̀rín ni ọ̀tá ọkàn kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Bó bá ti gba ìyẹn, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà, mo ti mọ èsì tí mo fẹ́ gbọ́. Mo ní ṣebí Ọlọ́run tí mo ń sìn ni í pe ohun tí kò sí bí ẹni pé ó wà? Ìgbàgbọ́ ni, kì í ṣe irọ́. Mo fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rán ẹ̀wù fún irọ́ mi, mo sì dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà lójú fèrèsé tó kọjú sí títì; orí rẹ̀ ni mo tò wọ́n sí. Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sí kọ̀rọ̀.

"Àwọn tó bá wà lójú fèrèsé, fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ni kó o máa pè."

"Mátírọ́ọ̀nù, bí aláìsàn gidi bá lọ jókòó síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣebí nọ́ọ̀sì ni ẹ́. Ojú rẹ kò ní mọ aláìsàn?"

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. 

Ẹ wá wo aránṣọ! Bó bá di ọwọ́ ọ̀sán, yóò di inú mú, yóò máa yí bí ẹni tí ọmọ ń mú. Bó dọ̀la, yóò di ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú aṣọ, yóò máa tiro. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Gbogbo-Àìsàn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn bí oyè.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń kọjá rí orí lójú fèrèsé, ó yà. Ẹni tó yà, ẹlòmíì rí i. Kò pẹ́ tí gbọ̀ngán wa fi kún fún aláìsàn gidi, tí iwájú Dókítà Dákẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. Àyè kò gbà wá mọ́. Mo kó bẹ́ẹ̀dì yàrá pàjáwìrì jáde, mo sọ ibẹ̀ di ibi ìjókòó. Ẹ̀rọ tí ń sọ oògùn di èéfín fún ẹni tí èémí ń ṣòro fún, mo gbé e sí yàrá ẹrù, mo sì to àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí i lójú. Mo ní n ó wá ibi tó dáa gbé e sí.

Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ibi tí ó ti dá páropáro, Ó ti rọ òjò èèyàn sí i!" Ìjọ hó yèè. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gbààwẹ̀ lórí ilé ìwòsàn yẹn títí ọrùn rẹ̀ fi gùn, bọ́ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó títí èémí rẹ̀ fi ń ké fíìfíì, tí mo ní láti fà á jókòó.

"Jẹ́ kí n jó," ló ń wí. "Mo ti ń retí èyí."

Ẹnu mi ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó san owó òjò náà.

Kò pẹ́ tí ohun tó mú wọn wá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn. Káfíńtà kan sáré wọlé, aṣọ tó fi di ọwọ́ ti rẹ fún ẹ̀jẹ̀. Ó wo bẹ́ńṣì, ó wo àárín, ó wo àwọn tó fara ti ògiri.

"Kó tó kàn mí níbí, ẹ̀jẹ̀ mi á ti tán," ló wí. Ó sì sọdá lọ sọ́dọ̀ Dókítà Dákẹ́, níbi tí àga ti ṣófo.

Ìgbà yẹn ni mo rí i kedere. Ẹni tí kò kánjú ló ń wá ibi tí èrò wà. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ kò fẹ́ èrò, ọwọ́ tó ṣófo ló ń wá. Mo ti kó èké jọ láti pe òótọ́, èké sì ti wá gba ìjókòó òótọ́.

Mo pe Gbogbo-Àìsàn. Mo ní, "Ẹ ṣeun o. Èèyàn ti tó báyìí. Ẹ máa lọ sídìí iṣẹ́ yín."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Iṣẹ́ wo? Ṣebí iṣẹ́ wa nìyí."

"N kò nílò yín mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mátírọ́ọ̀nù, bí a bá dìde lórí bẹ́ńṣì yìí, ìta la ń lọ o. Ní ìta, èèyàn máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín kan tilẹ̀ máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká bí ọ̀rẹ́. "Ẹ jẹ́ ká jókòó jẹ́jẹ́."

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rù di aṣọ ìbora mi. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, mo rò pé èmi ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bá wọn sọ̀rọ̀, ọkàn mi á fò. Pásítọ̀ wàásù nípa tọkọtaya tó purọ́ lórí owó ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ṣubú kú lẹ́sẹ̀ àpọ́sítélì. Mo di ìjókòó iwájú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kí n má baà ṣubú. Mo rò pé bí ìdájọ́ bá dé, orí mi ni yóò bọ́ sí. N kò mọ̀ pé ó lè kọjá lára mi, kó lọ bá ẹni tí mo fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, èrò ti kún kí n tó dé. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú aboyún kan, mò ń fi ọwọ́ wá orí ọmọ, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ ní gbọ̀ngán. Ikọ́ náà gùn, ó ń fà, ó ń ké nínú àyà bí ilẹ̀kùn tí kò lépo.

Mo gbọ́ ẹ̀rín pẹ̀lú. Ohùn Gbogbo-Àìsàn ló ga jù: "Háà! Èyí mọ̀ ọ́n ṣe o! Màámá, ta ló kọ́ yín? Ẹ wò ó, ó tilẹ̀ gbé ẹrù dání, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá dúró!"

Aboyún náà wo ojú mi. "Mátírọ́ọ̀nù, ẹni yẹn ò gbádùn o."

"Kò sí nǹkan," ni mo wí. Inú bí mi. Mo rò pé wọ́n ti mú ẹni tuntun wá láìsọ fún mi. Mo ké sí nọ́ọ̀sì láti ibi tí mo wà: "Sọ fún ẹni tó ń wúkọ́ yẹn kó rọra o! Ó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn!"

Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ké e láti ìdí tábìlì rẹ̀, láìgbé orí: "Ẹ̀yin ojú fèrèsé, ẹ rọra wúkọ́! Mátírọ́ọ̀nù ló wí bẹ́ẹ̀!"

Ikọ́ náà sì rọlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rọlẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan bí èyí tí a fi aṣọ dí lẹ́nu, ó dákẹ́.

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo tilẹ̀ mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan dún gbì.

Àtẹ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Ó ṣubú pẹ̀lú! Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jáde wá wò ó! Ohun tí ẹ ń fún èyí gbọdọ̀ ju tiwa lọ o!"

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Funfun, ó le bíi páálí, ó fọ́n káàkiri ilẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀. 

Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì ojú fèrèsé, etí aṣọ kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti fi ń pa ikọ́ mọ́ra. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, n kò mọ̀ ọ́n ní tèmi.

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Gbogbo-Àìsàn ṣì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ̀gbọ́n... Mátírọ́ọ̀nù, kì í ṣe ọ̀kan lára wa ni?"

Bàbá àgbàlagbà kan láàárín dìde. "Ọ̀kan lára ta ni? Kí ni wọ́n ń fún yín?"

 Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rí i lójú wọn bó ṣe ń yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń tan fìtílà láti ilé dé ilé. Ìran tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá ló dé yìí. N kò ráyè tìjú.

Mo sáré sí yàrá ẹrù. Mo fa àga kan, òmíràn wó lé mi lórí. Mo rí ẹ̀rọ náà lábẹ́ wọn, wáyà rẹ̀ há, kò jáde. Mo fà á, mò ń pe orúkọ Jésù, mò ń fà á. Wáyà náà já.

Nígbà tí mo padà, ọ̀nà kò sí. Èèyàn ti dìde dí gbogbo ibi, àwọn èèyàn tí mo fẹ́, tí mo gbàdúrà fún, tí mo háyà. "Ẹ yẹ̀ fún mi! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀!" Ẹni tó fẹ́ yẹ̀ kò rí ibi tí yóò yẹ̀ sí.

Gbogbo-Àìsàn ló gbá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mú. Ẹkún ti bò ó lójú. "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ gbé orí! Òdìkejì! Ẹ jẹ́ ká sọdá!"

A gbé e sọdá títì. Bàtà mi kan bọ́ sójú ọ̀nà. Gbọ̀ngán Dókítà Dákẹ́ ṣófo. Èmi ni mo sọ ọ́ di òfo, òfo yẹn ni mo sì gbé e sáré wọ̀. Kó tó di pé mo sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ti wà lórí rẹ̀, ó ti fi nǹkan bò ó lẹ́nu àti imú, ẹ̀rọ ti ń kùn.

"Ìgbà wo ló ti ń wúkọ́?" ló bi mí.

"N kò mọ̀."

"Ta ló jókòó tì í?"

 Gbogbo-Àìsàn ló dáhùn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Àwa ni, Dókítà. Láti àárọ̀ ni. A rò pé... a rò pé ó ń ṣe bíi tiwa ni. A ń fi rẹ́rìn-ín."

Dókítà wo aránṣọ, ó wò mí. Ó mọ̀. Ó yí padà sídìí ẹ̀rọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n ní kí n dúró síta. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì gbọ̀ngán náà láti gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ohùn tèmi ni mo ń gbọ́: *Ẹ bá mi yin Olúwa. Kó rọra. Kò sí nǹkan.* Mo ní, Olúwa, mú ilé ìwòsàn náà. Mú orúkọ mi. Má ṣe mú un. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá dínkù díẹ̀, èémí tèmi náà á dúró.

Ọlọ́run ṣàánú. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó lajú.

Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. "Àbúrò mi. Ṣé wọ́n ti dá àwọn èèyàn yẹn lóhùn?"

"Àwọn èèyàn wo?"

"Àwọn tí mo bá lórí bẹ́ńṣì. Ojú fèrèsé ni mo lọ, nítorí atẹ́gùn. Ọ̀kan ń di inú mú, ó ń yí. Bí mo bá sọ pé ẹ̀gbọ́n Mátírọ́ọ̀nù ni mí, wọ́n á gbé mi kọjá rẹ̀. Mo ní kí n ní sùúrù." Ó sinmi díẹ̀. "Wọ́n ní kí n rọra wúkọ́. Mo gbìyànjú."

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. N kò fi nǹkan kan pa mọ́: bẹ́ńṣì, owó oúnjẹ, ẹ̀rí tí mo jẹ́ tí ó fi jó, ẹni tó ní kó rọra.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ń wo ògiri.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yẹn."

"Èyí tó ń di inú mú? Mo gbàdúrà fún un kí n tó ṣubú."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi."

 Kò bínú. Ó béèrè bí ọmọ tó ń béèrè ọ̀nà ilé ni.

"Ta wá ni mo fi ààyè mi sílẹ̀ fún?"

Láti ìgbà náà, mo ti dúró níwájú ìjọ, mo ti fi ẹnu mi tú ẹ̀rí mi ká. Ó nira ju ìbímọ lọ. Mo ti dá yàrá pàjáwìrì padà sí bó ṣe wà, mo sì ti la bẹ́ńṣì ojú fèrèsé fún igi ìdáná. Gbogbo-Àìsàn ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀; kò sẹ́ni tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa báyìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣàdédé ha ọ̀fun ní gbọ̀ngán, mo máa ń sáré jáde pẹ̀lú ibọ̀wọ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má yan ibi tí ẹ ó fi ara yín lé lọ́wọ́ nítorí orí tí ẹ rí lójú fèrèsé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣòwò ìtọ́jú èèyàn, ẹ má bẹ̀rù àga tó ṣófo. Ọlọ́run lè ti fi í sílẹ̀ de ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa. Ó ṣì ń lọ̀ ọ́ bíi páálí, ó ṣì ń kọ owó. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ń gbé e kalẹ̀ sí báyìí. Á kan ilẹ̀kùn, kí n tó dé ibẹ̀, á ti kọjá sí òdìkejì títì. Mo máa ń gbé aṣọ náà mọ́ra, ìgbóná áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀.

Bí àdúrà bá ṣì kù lẹ́nu yín, ẹ gbà á kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ́jọ́ kan.